Ẹfinrin lẹ́yìnkùlé, kí oyin lè padà sọ́dọ̀ elégédé: ìbéèrè láti Òkè-Ìjẹ̀tù, Òṣogbo

Ọmọ Aláró, Òkè-Ìjẹ̀tù

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú òjò àkọ́rọ̀, ẹ sì kú ọgbà o. Ilẹ̀ díẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé wa tí mo gbin elégédé, ẹ̀gúsí, ewédú àti tòmátò sí. Ewédú ń ṣe dáadáa, ó sì ń tó wa jẹ, ṣùgbọ́n elégédé ni ó ń da ọkàn mi láàmú. Ó ń fà lọ rẹrẹ, òdòdó rẹ̀ ń yọ ní àràárọ̀, àmọ́ bí ọmọ bá so tán tí kò tí ì tóbi ju àtàǹpàkò lọ, yóò pọ́n, yóò rọ̀, yóò sì já bọ́. Mo ti fún un ní ìgbẹ́ adìẹ, mo ti bomi rin ín, n kò sì rí kòkòrò kan tí ń jẹ ẹ́. Àgbẹ̀ kan tí ó wá wò ó ní àìsí oyin ni ó fà á, nítorí pé ilẹ̀ tí ó kọjú sí wa, tí ó jẹ́ igbó tẹ́lẹ̀, ni wọ́n ti ro láti kọ́ ilé, gbogbo òdòdó tí oyin ń jẹ̀ níbẹ̀ sì bá a lọ. Ó ní kí n gbin ẹfinrin sí ọgbà náà, nítorí pé oyin fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀.

Ẹfinrin kan ṣoṣo ni ó wà nínú ilé wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ìyá ọkọ mi sì ń já a ní gbogbo ìgbà fún ọbẹ̀ àti àgbo, débi pé n kò rí òdòdó lórí rẹ̀ rí. Ṣé irúgbìn ni kí n wá ni tàbí ẹ̀ka? Ìgbà wo ni ó dára jù láti gbìn ín? Báwo ni mo ṣe máa ṣe é tí yóò fi tó oyin jẹ láìjẹ́ pé mo fi ewé ọbẹ̀ du àwọn ará ilé? Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kí ó là mí lọ́yẹ̀.

Tíṣà Àgbà, Ọ̀ta-Ẹ̀fun

Ẹ kú ìtọ́jú ọgbà, ará Òkè-Ìjẹ̀tù. Kí a tó dé orí ẹfinrin, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ̀ dájú bóyá oyin ni ẹjọ́ náà kàn. Òdòdó akọ ti elégédé ọ̀tọ̀, òdòdó abo ọ̀tọ̀, orí ìtàkùn kan náà ni àwọn méjèèjì sì wà. Akọ ni ó máa ń kọ́kọ́ yọ, ọrùn rẹ̀ gùn, ó sì tín-ín-rín. Abo ni ẹ ó rí ọmọ elégédé róbótó kan nídìí rẹ̀ kí ó tó là rárá. Ìdájí ni òdòdó wọ̀nyí máa ń là, wọ́n sì máa ń pa dé kí ọ̀sán tó pọ́n tán, nítorí náà bí oyin kò bá gbé lẹ́búlẹ́bú akọ dé inú abo láàárín wákàtí díẹ̀ yẹn, ó ti bọ́ nìyẹn, ọmọ róbótó náà yóò sì já bọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọ̀la, kí ẹ tó gbálẹ̀, ẹ já òdòdó akọ kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ẹ ya abala rẹ̀ tó fẹ̀ kúrò títí yóò fi ku ọ̀pá kékeré àárín rẹ̀ tí lẹ́búlẹ́bú wà lára rẹ̀, kí ẹ wá rọra fi í nu àárín òdòdó abo yí ká. Bí ẹ bá fi ìka kan ọ̀pá náà tí nǹkan kan kò lẹ̀ mọ́ ìka yín, òjò ti fọ̀ ọ́ dànù tàbí kí ó jẹ́ pé ó ti pẹ́ jù, ẹ wá òmíràn. Ẹ so òwú pupa mọ́ ìdí èyí tí ẹ bá ṣe. Bí ó bá dúró tí ó ń tóbi nígbà tí àwọn tí ẹ kò fọwọ́ kàn ń já bọ́, oyin ni ó ṣọ̀wọ́n lóòótọ́. Bí òun náà bá já bọ́, ẹ lọ yẹ omi àti ilẹ̀ wò.

Ní ti ẹfinrin, ẹ kíyè sí irú èyí tí wọ́n máa fún yín. Èyí tí à ń wí ni ẹfinrin ńlá, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Ocimum gratissimum, orúkọ tí Carl Linnaeus fún un ní ọdún 1753. Àwọn Ìgbò ń pè é ní nchanwu, àwọn Haúsá sì ń pè é ní daidoya. Ọmọ ilẹ̀ wa ni, ọ̀pọ̀ ọdún ni ó sì máa ń lò láyé: ìdí rẹ̀ a máa di igi, ó sì lè ga ju ènìyàn lọ bí ẹnikẹ́ni kò bá gé e. Bí ẹ bá fi ìka méjì yí ọ̀pá rẹ̀ tí ó ṣì tútù, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára pé igun mẹ́rin ni ó ní. Méjì-méjì ni ewé rẹ̀ ń yọ ní ìdojúkọ ara wọn, eyín wẹ́wẹ́ sì wà létí wọn. Ẹfinrin wẹ́wẹ́ jẹ́ mọ̀lẹ́bí rẹ̀, oyin sì ń jẹ̀ lórí òun náà, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ láyé, ẹ ó kàn máa tún un gbìn ni. Ewéko kan tún wà tí ń hù lẹ́bàá ọ̀nà, tí òórùn rẹ̀ fẹ́ jọ ti ẹfinrin ṣùgbọ́n tí ó ń ta nímú jù ú lọ, tí òdòdó rẹ̀ sì ní àwọ̀ àlùkò. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìyẹn ti wá, bí ewé Akíntọ́lá náà ṣe ti ibẹ̀ wá, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì máa ń gba oko mọ́ olóko lọ́wọ́. Ẹ má ṣe gbé e wọ ilé.

Ìyá Elẹ́wẹ́, Ọjà Ọba

Ìyàwó wa, mo kí ọ, mo sì kí ìyá ọkọ rẹ tí ó mọ iyì ewé. Ewé ni mo ń tà, ẹfinrin sì wà lára ohun tí mo fi ń jẹun, nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹ̀ka ni mo máa bá ọ sọ, torí n kò rí ìdí tí ẹni tí ó ní ẹfinrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga yóò fi máa wá irúgbìn kiri.

Ẹ̀ka tí kò gbó jù, tí kò sì rọ̀ jù, ni kí o mú. Èyí tí ó ti di igi pátápátá máa ń lọ́ra láti ta gbòǹgbò, èyí tí ó rọ̀ bí ewé tuntun a sì jẹrà. Kí ó nípọn tó pẹ́ńsù, kí ó sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Ọ̀bẹ tó mú ni kí o fi gé e, nísàlẹ̀ oríkèé gan-an, nítorí pé ibi oríkèé ni gbòǹgbò ti ń yọ; bí o bá fi ọwọ́ ya á, ara rẹ̀ yóò bó, omi yóò sì wọ inú rẹ̀. Bí òdòdó bá wà lórí rẹ̀, já a kúrò. Já gbogbo ewé ìsàlẹ̀, kí o fi ewé méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ lókè, bí wọ́n bá sì fẹ̀ jù, gé ìdajì wọn dànù, kí oòrùn má baà fa omi ara rẹ̀ tán kí ó tó ní gbòǹgbò tí yóò fi mu omíràn. Ìrọ̀lẹ́ ni kí o ṣe é, má ṣe é ní ọ̀sán gangan.

Po ilẹ̀dú mọ́ iyanrìn odò, kí o dà á sínú àpò ìrẹsì tí o ti ká létí tàbí rọ́bà ọ̀dà tí o ti lu ihò sí nídìí. Fi igi kékeré lu ilẹ̀ náà kí o tó ki ẹ̀ka bọ̀ ọ́, kí oríkèé méjì ó kéré tán wọlẹ̀, kí o sì fi ìka tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Gbé e sí ibòòji. Abẹ́ igi máńgòrò dára, ṣùgbọ́n má gbé e sí abẹ́ òrùlé tí omi òjò ti ń ṣàn bọ́, nítorí pé omi yẹn yóò hú u. Agolo mílíìkì tí a fi ìṣó lu nídìí ni mo fi ń bomi rin tèmi, kí omi náà lè máa wẹ́ bí ó ti ń bọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ewé tuntun yóò yọ lórí rẹ̀. Má ṣe máa fà á tu wò bóyá ó ti ta gbòǹgbò. Àwọn ọmọ ilé máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, òun ni ó sì ń pa á.

Bí ó bá ti lágbára, gbé e lọ síbi tí oòrùn ti ń ràn án fún ìdajì ọjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹfinrin abẹ́ ibòòji máa ń ga gògòrò lásán, ewé rẹ̀ a fẹ́lẹ́, òdòdó rẹ̀ a sì ṣọ̀wọ́n. Àwa tí a ń gbìn ín fún ewé máa ń fi wọ́n sún mọ́ra, ṣùgbọ́n bí oyin ni o ń wá, fi mítà kan sáàárín wọn kí ẹ̀ka lè ráyè tẹ́ sílẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ tí ó ti jẹrà ni kí o lò, kí ó má sì pọ̀. Tútù rẹ̀ máa ń jó gbòǹgbò, bí ó bá sì pọ̀ jù, ewé nìkan ni yóò máa wú. Nígbà tí ó bá ga dé orúnkún, já orí rẹ̀, kí ó lè pẹ̀ka. Ìgbà tí a wà yìí gan-an ni ó dára jù. Òjò àkọ́rọ̀ ti mú ilẹ̀ rọ̀, ohun tí o bá sì gbìn títí di oṣù Kẹfà yóò ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Màmá ti sọ ti ẹ̀ka tán. Ní ti irúgbìn, ó wúlò fún ẹni tí ó bá fẹ́ gbin púpọ̀ tàbí tí kò ní ẹni tí yóò gé ẹ̀ka lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ṣírí òdòdó gbẹ lórí igi títí yóò fi dúdú bí ilẹ̀, kí ẹ gé e sínú àpò bébà, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ rún un, kí ẹ sì fẹ́ ìdọ̀tí rẹ̀ dànù. Irúgbìn rẹ̀ kéré púpọ̀, ìmọ́lẹ̀ sì ń ràn án lọ́wọ́ láti hù, nítorí náà ẹ má ṣe bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ wọ́n ọn sórí ilẹ̀ tí ó ní ọ̀rinrin, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì ta àpò tó fẹ́lẹ́ bò ó títí yóò fi hù, kí òjò má baà gbá a lọ.

Àwa tí a ń gbé nítòsí odò gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Ẹfinrin fẹ́ omi, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun máa wà nínú omi. Níbi tí omi ti máa ń dúró lẹ́yìn òjò, ẹ kọ ebè gíga, kí ẹ gbìn ín sórí rẹ̀.

Ẹ sì jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ gé ẹ̀ka nínú Igbó Ọ̀ṣun. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò rò ó, nítorí pé ibẹ̀ ni ewéko ìbílẹ̀ ṣì pọ̀ sí jù ní àárín ìlú. Igbó òrìṣà ni, UNESCO sì ti fi í sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé láti ọdún 2005, èèwọ̀ ni gígé ewéko àti pípa ẹran níbẹ̀. Bí kì í bá ṣe pé Àdùnní Olórìṣà, ìyẹn Susanne Wenger, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ dúró gbọn-in-gbọn-in lórí ọ̀rọ̀ igbó náà, bóyá à bá ti kọ́ ilé dé etí odò. Nínú irú igi ńlá inú igbó bẹ́ẹ̀ tí ó ní ihò ni oyin ti ń rí ilé gbé, èyí tí ọgbà ẹ̀yìnkùlé kò lè fún un.

Olóyin, Òkè-Baálẹ̀

Mo ń sin oyin, nítorí náà apá ti oyin ni mo máa gbé. Ẹ lọ wo ẹfinrin tí ó ti yọ òdòdó ní ìsinmi, kí ẹ sún mọ́ ọn dáadáa. Ṣírí rẹ̀ ni òdòdó náà ń yí ká ní ẹsẹẹsẹ, òdòdó mẹ́fà-mẹ́fà lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n funfun ṣùgbọ́n wọn kò funfun tán, wọ́n sì kéré débi pé ẹni tí ń kọjá lọ kò ní kà wọ́n sí òdòdó. Wọn kì í là pa pọ̀. Ti ìsàlẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ là, ìyẹn ń rẹ̀, ti òkè rẹ̀ ń là, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa gòkè lọ títí dé ṣóńṣó. Ìdí nìyí tí oyin fi fẹ́ràn rẹ̀: ṣírí kan ṣoṣo ń fún wọn ní oúnjẹ lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́, orí igi kan tí ó sì pẹ̀ka dáadáa lè ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ṣírí lẹ́ẹ̀kan náà. Ihò òdòdó náà kò jìn, nítorí náà kì í ṣe oyin wa tí ń ṣe afárá nìkan ni ó ń dé ibẹ̀. Ẹ ó rí oyin kéékèèké dúdú tí kì í ta ènìyàn, ẹ ó rí àwọn oyin tí ń dá gbé nínú ilẹ̀, àti labalábá, àti agbọ́n.

Ṣùgbọ́n mo ní láti sọ ohun kan tí àgbẹ̀ tí ó gba ará Òkè-Ìjẹ̀tù nímọ̀ràn kò sọ fún un. Oyin tí ó bá jáde láti jẹ̀ lórí ẹfinrin, orí ẹfinrin ni yóò wà ní ìrìn-àjò yẹn. Kì í sáábà ti orí irú òdòdó kan bọ́ sórí irú mìíràn kí ó tó padà sílé. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé gbígbin ẹfinrin mọ́ ìdí elégédé ni yóò ti oyin bọ inú òdòdó elégédé ní kíá. Ohun tí ẹfinrin ń ṣe ni pé ó ń bọ́ oyin ní gbogbo ìgbà tí elégédé kò ní òdòdó. Òdòdó elégédé kì í pẹ́ ní sáà, bí ó bá sì ti kọjá tí oyin kò rí nǹkan mìíràn jẹ ní àdúgbò, wọ́n á wá ibòmíràn lọ, àwọn kéékèèké tí kì í fò jìnnà á sì run. Bí oúnjẹ bá wà nílẹ̀ láti ìgbà òjò títí wọ inú ẹ̀ẹ̀rùn, wọn yóò tẹ̀dó sí tòsí, ọjọ́ tí elégédé bá là, àwọn kan nínú wọn yóò rí i.

Nítorí náà, òdòdó ni ẹ ń wá. Ẹfinrin tí à ń já ewé rẹ̀ lójoojúmọ́ kò wúlò fún oyin kankan, bó ti wù kí ó pọ̀ tó. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ gbin tó mẹ́fà tàbí mẹ́sàn-án bí ilẹ̀ bá gbà á, kí ẹ sì pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Bí wọ́n bá ti dàgbà, ẹ gé ọ̀nà kan wálẹ̀, kí ó ku bí sẹ̀ǹtímítà 30, kí ẹ máa jẹ ewé tuntun tí ó bá yọ. Ẹ fi àwọn méjì yòókù sílẹ̀ kí wọ́n yọ òdòdó. Nígbà tí òdòdó ọ̀nà kejì bá ti gbẹ, ẹ gé ìyẹn, kí ẹ yé já ti àkọ́kọ́, kí ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ṣírí. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa yí i po. Yóò ṣòro kí ìgbà kan wà tí kò ní sí òdòdó, ọbẹ̀ kò sì ní wá ewé tì. Ẹ má ṣe gé gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà láé, pàápàá ní ìparí oṣù Kẹwàá, nítorí pé oyin yóò nílò wọn nígbà náà jù.

Ohun mìíràn ni òògùn apakòkòrò. Bí ẹ bá ń fọ́n ọn sórí tòmátò ní òwúrọ̀, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ń pa àwọn tí ẹ ń pè wá jẹun. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn rárá, ìrọ̀lẹ́ tí oyin ti wọlé ni kí ẹ fọ́n ọn, kí ó má sì kan òdòdó. Ẹ fi ibì kan sílẹ̀ nínú ọgbà tí ẹ kò ní ro, tí ẹ kò sì ní da kọnkéré bò, nítorí pé inú ilẹ̀ gbígbẹ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn oyin tí ń dá gbé ń gbẹ́ ihò sí. Ẹ gbé àwo omi tí kò jìn kalẹ̀ pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀, kí wọ́n lè rí ibi dúró sí mu omi láìrì sínú rẹ̀.

Ìyá Elẹ́wẹ́, Ọjà Ọba

Olóyin, mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ti oníṣòwò. Ẹfinrin tí a bá jẹ́ kí ó yọ òdòdó tán, ewé rẹ̀ máa ń kéré, ó sì máa ń le lẹ́nu; oníbàárà mi kì í gbà á. Ìdí rẹ̀ a tún tètè di igi. Bí ìyàwó wa bá tẹ̀ lé tìrẹ nìkan, láìpẹ́ ìyá ọkọ rẹ̀ yóò ní kí ó hú gbogbo rẹ̀.

Olóyin, Òkè-Baálẹ̀

Òótọ́ ni, Màmá, n kò jiyàn. Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n máa yí i po nìyẹn, kí èyí tí ó ti yọ òdòdó lè di gígé wálẹ̀ kí ó sì tún ewé rọ̀ yọ. Bí ó bá jẹ́ pé ìdí igi kan ti gbó débi pé kò rú mọ́ lẹ́yìn gígé, wọ́n lè gé ẹ̀ka lára rẹ̀ gbìn gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe kọ́ wọn, kí wọ́n hú ti àtijọ́. Èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga ní tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó máa jẹ́ ti ìyá ọkọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún wọn pé kí wọ́n má já a. Àwọn tuntun tí wọ́n bá gbìn sẹ́yìn ọgbà ni kí wọ́n máa yí po.

Ará Àlékúwodò

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú làákàyè. Yàrá ni mo háyà, àwọn ọmọ kéékèèké sì pọ̀ ní ilé wa. Rọ́bà méjì péré ni mo lè gbé sí iwájú fèrèsé mi. Bí oyin bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá, ṣé wọn kò ní ta ọmọ ọlọ́mọ, kí onílé sì lé mi jáde?

Olóyin, Òkè-Baálẹ̀

Ìbéèrè náà tọ́. Oyin ilẹ̀ wa máa ń bínú gan-an bí ènìyàn bá da ilé rẹ̀ rú, ṣùgbọ́n èyí tí ń jẹ̀ lórí òdòdó kò ní ilé tí ó ń ṣọ́ níbẹ̀. Bí a kò bá fún un mọ́ ọwọ́ tàbí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kì í wá ìjà. Síbẹ̀síbẹ̀, ẹ má ṣe gbé ẹfinrin tí ó ní òdòdó sí ẹnu ọ̀nà tàbí ibi tí àwọn ọmọ ń gbà sáré. Ẹ gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé tí ẹsẹ̀ kì í pọ̀ sí, bóyá nídìí ọgbà, kí ẹ sì sọ fún onílé ṣáájú. Bí ẹnì kan bá wà nínú ilé tí ara rẹ̀ máa ń wú burúkú nígbà tí oyin bá ta á, ẹ fi ti òdòdó sílẹ̀, ewé nìkan ni kí ẹ gbìn ín fún. Rọ́bà méjì tó, ṣùgbọ́n wọn yóò tètè gbẹ ju ti orí ilẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ máa bomi rin wọ́n déédéé ní ẹ̀ẹ̀rùn.

Bí agbo oyin bá sì wọ inú àjà ilé lọ́jọ́ kan, kì í ṣe ẹfinrin ni ó pè é, ihò ni ó ń wá. Ẹ má ṣe da kẹrosíìnì sí i, ẹ má ṣe ti iná bọ̀ ọ́. Ẹ pe ẹni tí ń sin oyin kí ó wá kó o ní alẹ́.

Ọmọ Aláró, Òkè-Ìjẹ̀tù

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, pàápàá Màmá àti Tíṣà. Mo ti fi òdòdó akọ nu abo gẹ́gẹ́ bí Tíṣà ṣe wí, àwọn tí mo so òwú mọ́ ṣì wà lórí ìtàkùn, wọ́n sì ti tóbi ju ẹyin adìẹ lọ, àwọn tí n kò ṣe sì ti já bọ́. Nítorí náà oyin ni. Ẹ̀ka ẹfinrin ti wà nínú àpò ìrẹsì lábẹ́ igi máńgòrò, ìyá ọkọ mi ni ó sì yàn án fún mi, ó ní òun mọ èyí tí yóò rú. Ó ku ìbéèrè méjì. Òdòdó tòmátò mi náà ń rẹ̀ dànù, ṣé ẹfinrin yóò bá mi yanjú ìyẹn? Báwo ni mo sì ṣe lè mú kí ẹfinrin náà má kú ní ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí kànga wa máa ń gbẹ nígbà mìíràn?

Tíṣà Àgbà, Ọ̀ta-Ẹ̀fun

Ẹ kú oríire. Ẹ máa fi ọwọ́ nu elégédé lọ títí ẹfinrin yóò fi yọ òdòdó, nítorí pé kò ní ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí tàbí ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ọ̀ràn ẹ̀gúsí yín kò yàtọ̀ sí ti elégédé, òun náà ní akọ àti abo, àmọ́ òdòdó rẹ̀ pọ̀, ó sì kéré, kò ṣeé fi ọwọ́ ṣe tán. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún oyin. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi ùgwù kún un lọ́jọ́ iwájú, ẹ rántí pé igi kan ni akọ, igi mìíràn ni abo.

Tòmátò yàtọ̀ pátápátá. Akọ àti abo wà nínú òdòdó kan náà, inú ọ̀pá kékeré ni lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ sì wà, gbígbọ̀n ni ó ń mú un jáde. Òdòdó rẹ̀ kò ní omi dídùn, nítorí náà oyin tí ń ṣe afárá kì í sáábà yà síbẹ̀. Atẹ́gùn ni ó ń gbọ̀n ọ́n, tàbí àwọn oyin ńlá dúdú tí ń gbẹ́ ihò sínú igi, tí wọ́n máa ń dì mọ́ òdòdó tí wọ́n sì ń fi ara gbọ̀n rìrì títí lẹ́búlẹ́bú yóò fi bọ́. Ẹ̀yin fúnra yín lè fi ìka ta ọ̀pá tí òdòdó náà rọ̀ mọ́ ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ tí ìrì ti gbẹ. Bí ó bá ṣì ń rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ooru ni. Tòmátò kì í gbé ọmọ dúró dáadáa bí òru bá ń móoru.

Ní ti ẹ̀ẹ̀rùn, ẹfinrin tí ó ti ta gbòǹgbò dáadáa kì í tètè kú. Ewé rẹ̀ yóò dínkù, díẹ̀ nínú wọn yóò pọ́n, ṣùgbọ́n yóò rú padà nígbà tí òjò bá dé. Ohun tí ẹ ń wá ni kí òdòdó má tán lórí rẹ̀, ìyẹn sì ń fẹ́ omi. Omi tí ẹ fi ṣan ìrẹsì àti ẹ̀wà kí ẹ tó sè wọ́n tó fún igi mẹ́fà bí ẹ bá ń pín in yí po, kí omi ọṣẹ má sì bá a lọ. Kí ọyẹ́ tó dé ni kí ẹ ti kó koríko gbígbẹ yí ìdí rẹ̀ ká, kí ọ̀rinrin ilẹ̀ má baà tètè fò lọ, ṣùgbọ́n kí koríko náà jìnnà sí ọ̀pá rẹ̀ tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, nítorí pé ikán máa ń gba abẹ́ koríko dé ibi tí ìdí ẹfinrin ti di igi.